Òwú Tí Kunzes Já

Tundup kú lójú ọ̀nà ìlú Leh, pẹ̀lú ẹrù àwọn ọmọ ogun ajẹ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́jọ tí àwọn ará gúúsù gba ilẹ̀ Ladakh lọ́wọ́ ọba, tí ilé kọ̀ọ̀kan sì ń fi ọkùnrin kan sílẹ̀ láti máa ru ẹrù wọn kọjá òkè yìnyín. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n gbé òkú rẹ̀ délé, wọ́n gbé e jókòó sí yàrá àdúrà, wọ́n sì fi aṣọ funfun bò ó.

Ọdún mẹ́tàlá ni Kunzes ti lò nílé ọkọ. Ọkùnrin mẹ́ta ni ó fẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo: Tundup; Stobdan àbúrò rẹ̀, tí ó máa ń da ẹṣin lọ ra iyọ̀; àti Paljor àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún márùn-ún tí wọ́n pọ̀n wá síbi ìgbéyàwó. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn kí ilẹ̀ má baà pín. Kunzes ló nu ikun imú Paljor. Ní báyìí, irùngbọ̀n ti ń hù lẹ́nu Paljor, ìyá ọkọ sì ti sọ pé lẹ́yìn ìkórè, òun náà yóò máa bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Kunzes lóru bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì kò ti lè wo ojú ara wọn.

Kunzes kò bímọ. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ àgbà bá kú láìfi ọmọ sílẹ̀ lè fi òwú so ìka rẹ̀ mọ́ ìka òkú, kí ó já a kí wọ́n tó gbé òkú lọ síná. Bí òwú bá já, ó ti kọ tẹ̀gbọ́n tàbúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Kò lè mú ọ̀kan kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀. Stobdan sì nìyí, òun ni ọkàn Kunzes fẹ́.

Rabgyas, ẹ̀gbọ́n ìyá Kunzes, ti mú òwú dání. “Na ọwọ́ wá jàre. Bàbá rẹ ti ń dá gbé láti ìgbà tí àrùn ìgbóná pa ẹ̀gbọ́n rẹ. Ta ni yóò darí omi sóko fún un?”

“Rabgyas,” ni ìyá ọkọ wí, “òkú ọmọ mi ṣì jókòó, o ti ń kó ìyàwó rẹ̀ lọ. Ṣé ọtí bálì tí o mu nílé yìí ò tó ẹ ni?”

“Omi ló pọ̀ nínú ẹ̀, ìyá.”

Àwọn kan fi apá aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Kunzes sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ẹṣin. Stobdan ń fá pátákò ẹṣin kan.

“Bí mo bá já a, ṣé ẹ máa tẹ̀lé mi lọ sílé bàbá mi?”

“Kí n di ọkọ tí ìyàwó gbé wọlé? Èmi tí mo di baálé lónìí? Títí dé Leh ni wọ́n á máa bi mí pé, ‘Stobdan, ṣé ìyàwó ẹ ti gbà kó o jẹun?’”

“Ẹ̀rín ò ní pa yín.”

“Má já a, Kunzes. Dúró.”

“Bí mo bá dúró, Paljor ńkọ́?”

Stobdan tún tẹrí ba sí pátákò ẹṣin.

Paljor fúnra rẹ̀ pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. “Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá já a, mi ò ní bínú.”

“Mo mọ̀. Ojú ẹ ti ń sọ ọ́ látàárọ̀.”

Paljor rẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún.

Rabgyas so òwú náà. Ìka Tundup tutù bí òkúta inú odò. Irun àgùntàn tó nípọn ni òwú ọ̀hún. Nígbà tí Kunzes fà á, ọwọ́ òkú ni ó gbé sókè, àwọn obìnrin sì kígbe. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó já.

Ó gbé gèlè awọ tí wọ́n to òkúta iyebíye sí, èyí tí ìyá rẹ̀ fún un, ó fa màlúù rẹ̀, ó sì gba orí afárá lọ. Stobdan kò jáde wò ó.

Lẹ́yìn ìkórè, wọ́n fẹ́ ìyàwó tuntun fún Stobdan àti Paljor. Nígbà tí yìnyín yọ́ ní ọdún kejì, Stobdan dé ilé bàbá Kunzes pẹ̀lú ẹṣin kan àti àpò iyọ̀ kan. Ó ti fi ilé àti ilẹ̀ sílẹ̀ fún Paljor. Kunzes ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ọdún tí bàbá Kunzes kú ni àwọn akọ̀wé ajẹ́lẹ̀ wá ka ilé. Wọ́n bi ọkùnrin tí wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà pé ilé ta ni. Stobdan ní ilé Kunzes ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́.