Tùràrí Ọjọ́ Jímọ̀

"Kúnlẹ̀."

Kabirat wo ìyá rẹ̀, ó wo táìlì kíṣìnnì, ó tún wo ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Bó bá jẹ́ iwájú àgbà ni wọ́n ti ní kó kúnlẹ̀, kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n níwájú híítà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé omi kaná?

"Kúnlẹ̀, mo ní. Àbí orúnkún rẹ kò ká ni? Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ sí. Ẹni tó bá dúró ṣánṣán tó ní òun ń gbóòórùn rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ṣí fèrèsé ná. Gbóòórùn ilẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan, ṣá ìṣáná kí o tó ṣí gáàsì. Bí iná kékeré yìí bá kọ̀ tí kò ràn ńkọ́?"

"Màá ti gáàsì pa. Màá dúró títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gba fèrèsé jáde. Màámi, ẹ ti sọ ọ́ títí ó ti sú mi."

"Tó bá wá ràn, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ pọ́n?"

"Màá rọra ṣí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ títí yóò fi rí búlúù."

"Ó dáa. Ẹnu rẹ mọ̀ ọ́n. Orúnkún rẹ ló kù."

Ilé àtijọ́ kan ní Al-Hujun, ní ìlú Mẹ́kà, ni wọ́n ń gbé. Láti fèrèsé kíṣìnnì, ènìyàn lè rí itẹ́ òkú àtayébáyé tó wà ládùúgbò náà, ṣùgbọ́n aṣọ tí àwọn ará ilé kejì sá sórí okùn ni yóò kọ́kọ́ rí. Bàbá Kabirat, Dókítà Abdulganiyu, ń kọ́ni ní yunifásítì. Dókítà ìwé ni, kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́. Síbẹ̀, bí aládùúgbò bá gbé ọmọ tó ń wúkọ́ wá, kì í tètè ṣàlàyé. Yóò kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé iwájú orí ọmọ náà, yóò mi orí, yóò ní kí wọ́n máa fún un lómi mu dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ yìí kan náà ló wà lára ọmọ rẹ̀.

Oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni ìyá Dókítà, Àlàájà Àyìnkẹ́, ti Ìwó wá ṣe ùmúrà. Ó ti ṣe é láṣeyọrí. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń fẹ́ ni kó kírun Jímọ̀ kan ní Háráàmù, mọ́ṣáláṣí ńlá Mẹ́kà, kó tó padà sílé. Òtútù oṣù náà kò tó ohun tí ènìyàn ń pariwo lé, àmọ́ orúnkún arúgbó kò gbọ́ àlàyé. Omi gbígbóná ni màmá gbọ́dọ̀ fi wẹ̀.

Lọ́jọ́ tí màmá dé, bí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe ń tan híítà ni màmá yínmú. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹyin tó bàjẹ́ lẹ fi ń gbé omi kaná ni?"

Ìyá Kabirat rẹ́rìn-ín. "Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn yẹn sí i ni, Màmá, kéèyàn lè tètè mọ̀ bó bá ń jò."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìkà tó ń rùn sàn ju ìkà tó ń ta sánsán lọ."

Nígbà tí Jímọ̀ dé, Dókítà àti ìyàwó rẹ̀ tètè lọ sí Háráàmù lọ wá àyè. Takisí yóò wá gbé màmá àti Kabirat tó bá yá. "Tan híítà kí màmá tó jí," ni ìyá rẹ̀ sọ lẹ́nu ọ̀nà. "O mọ bí a ṣe ń ṣe é."

Wọn kò tíì lọ jìnnà tí fóònù Kabirat dún. Zahra ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Jeddah, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kí bàbá Kabirat tó gba iṣẹ́ ní Mẹ́kà. Ìyá Zahra ń bọ̀ wá kírun, yóò já ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Kabirat. Ọkàn Kabirat fò. Ó ti sọ fún Zahra pé ilé tuntun làwọn kó sí.

Ó sáré wọ abáyà rẹ̀ tuntun, èyí tí òkúta wínníwínní ń dán létí rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó ti fèrèsé kíṣìnnì pa, kí Zahra má baà rí ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ aládùúgbò. Ó wá kọjú sí híítà. Kò kúnlẹ̀, nítorí àwọn òkúta náà lè já. Ó ṣí gáàsì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìṣáná. Ó ṣá a, iná kò ràn. Ó tún ṣá òmíràn. Aago ẹnu ọ̀nà dún.

Ó ju páálí ìṣáná sórí híítà, ó sì sáré jáde. Kò ti gáàsì.

"Áà, Zahra! Ahlan! Wọlé o."

Zahra wọlé, ó ń wo òrùlé. "Ilé tuntun náà nìyí?"

"Wọ́n ń tún un ṣe lọ́wọ́ ni," ni Kabirat wí.

Wọ́n jókòó, wọ́n ń ya fọ́tò. Nígbà tó ṣe, Zahra fọwọ́ di imú. "Kí ló ń rùn báyìí?"

Kabirat mọ̀. Ẹsẹ̀ mélòó ni kíṣìnnì sí ibẹ̀? Kó lọ, kó ti gáàsì, kó ṣí fèrèsé, kó sì sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká jáde ná." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Zahra ń wò ó, pẹ̀lú ẹ̀rín kékeré létí ẹnu.

"Gọ́tà àwọn ará ìsàlẹ̀ ni," ló dáhùn. Ó ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ó tan tùràrí tí ìyá rẹ̀ máa ń tọ́jú de àlejò, ó sì gbé e káàkiri pálọ̀ àti yàrá. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi ń ta sánsán bí ilé ọlọ́lá.

Màmá jí. "Kabirat, omi ńkọ́?"

"Ó ti ń gbóná, Màmá!"

"Òórùn yìí mà dùn o," ni màmá wí, bó ṣe ń rọra fa ẹsẹ̀ lọ sí kíṣìnnì pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ tó ṣí omi. "Omi yìí tutù, ọmọ mi. Iná ẹ̀ ti kú. Má ṣèyọnu, jókòó ti àlejò rẹ, mo ti rí bí ìyá rẹ ṣe ń tàn án."

Imú tó mọ òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ti kún fún tùràrí.

"Màmá, ẹ má ṣe—" ni Kabirat pariwo. Ìró gáàsì tó bú gbàmù gba ọ̀rọ̀ yòókù lẹ́nu rẹ̀.

Àlàájà Àyìnkẹ́ kò lo ọ̀sẹ̀ kan nílé ìwòsàn tó fi kú. Háráàmù tó ń fẹ́ lọ, wọ́n gbé e lọ síbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín.

Àwọn ará Nàìjíríà ní Mẹ́kà àti Jeddah wá kí wọn. "Ẹ má sunkún o, Dókítà. Mélòó ló rí irú ikú yìí? Mẹ́kà ni wọ́n sin ín sí! Ọlọ́run ló pè é wá." Dókítà ń mi orí, bó ṣe máa ń ṣe sí ọmọ tó ń wúkọ́. "Ẹ̀rọ ló bàjẹ́," ló ń sọ fún ẹni tó bá bèèrè. "Ó ti gbó jù."

Zahra àti ìyá rẹ̀ náà wá. Zahra jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó kàn ń wo Kabirat.

"Ẹ̀rọ kò bàjẹ́," ni Kabirat sọ lójijì.

"Kabirat, dákẹ́!" ni bàbá rẹ̀ wí.

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́," ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

"Èmi ni mo ṣí gáàsì tí mi ò tì í. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo fi tùràrí bò ó, kí ojú má baà tì mí. Mo parọ́ fún Màmá pé omi ń gbóná." Ó kọjú sí àwọn àlejò. "Ẹ má pè é ní oríire mọ́. Màmá ì bá ti padà sí Ìwó."

Àwọn tó ti ń yọ̀ fún òkú wolẹ̀. Dókítà bojú, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Wọ́n ra híítà tuntun. Ojoojúmọ́ ni Kabirat ń ṣí fèrèsé tó kọjú sí itẹ́ òkú, tó ń kúnlẹ̀ lórí táìlì tí iná sọ di dúdú, tó ń gbé imú sún mọ́ ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rán an létí mọ́. Àwọn àgbà ní ẹ̀fín nìwà, rírú ní í rú. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ẹni tó bá ṣàṣìṣe tó tètè sọ, ojú lásán ni yóò tì í. Ẹni tó bá fi òórùn dídùn bo àṣìṣe, ẹlòmíràn ni yóò bá a ṣá ìṣáná.