Omi Aláwọ̀ Ewé Nínú Ìkòkò Fàúsátù

Ọkùnrin kan lóṣòó síwájú ìkòkò omi òjò Fàúsátù, ó gbé ìgò kékeré kan sókè sójú oòrùn, ó sì ń wo ohun tó wà nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ojú àfẹ́sọ́nà.

Ojú ti Fàúsátù débi pé ó fẹ́ sá padà sínú ilé. Omi ìkòkò náà ti di aláwọ̀ ewé, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè di ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí. Ó ti lọ bá àǹtí rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun ní Òkòkòmáìkò, kò sì rántí bo ìkòkò kó tó lọ. Nínú agbo ilé wọn ní Òjó, ìkòkò omi ni wọ́n fi ń mọ ọmọbìnrin tó gbọ́n. Bí ará ilé ọkọ bá wá wo ìyàwó, omi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tọrọ, wọn a sì wo inú ìkòkò kí wọ́n tó wo ojú ọmọ.

“Ẹ ǹlẹ́ o,” ni Fàúsátù wí. “Ta lẹ ń wá?”

Ọkùnrin náà dìde, ó ṣí fìlà. Ó ní òun ti kí láti iwájú ilé, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Sàlàkọ́ ni orúkọ òun, ọmọ Ìbà ni òun, ọ̀dọ̀ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja ni òun sì ti ń ṣiṣẹ́. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Fàúsátù ti mú igbá láti gbọ́n omi náà dànù.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù,” ni Sàlàkọ́ wí. “Láti Ìbà dé Òjó, mi ò tíì rí omi tó dára tó báyìí.”

“Omi tó ti bàjẹ́ lẹ ń pè ní omi tó dára. Ṣé kò sí nǹkan?”

Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló kó sí Fàúsátù lọ́kàn, kó tó di pé ó ráyè wo ojú ọkùnrin náà dáadáa.

Ó wá ṣàlàyé fún un pé ewéko ni, ewéko tó kéré débi pé ojú kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Kò ní gbòǹgbò, kò ní ẹ̀ka, olúkúlùkù ló dá wà láàyè fúnra rẹ̀. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá wà nínú adágún, ọmọ ẹja kì í pa ebi mọ́nú. Fàúsátù kò gbà á gbọ́ tán, ṣùgbọ́n ó dá igbá padà sí ààyè rẹ̀.

Bí Sàlàkọ́ ṣe di ẹni tó ń wá sí Òjó nìyẹn. Omi ló ń wá bù, àbí ohun tó ń sọ fún àwọn ará ilé nìyẹn. Bó bá bu omi tán, á jókòó sí ìdí igi àgbọn, Fàúsátù á máa ha àgbọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe òróró, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kan ló sọ fún un pé òun ń kó lára àwọn ewéko náà sínú àpótí dúdú ní Ìbà, òun sì ń fi omi ṣúgà bọ́ wọn.

“Kí ni wọ́n ṣe fún yín tí ẹ fi tì wọ́n mọ́ òkùnkùn?”

“Wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n á sanra níbẹ̀, àwọ̀ ewé á sì kúrò lára wọn. Bí mo bá wá gbé wọn jáde sínú ìmọ́lẹ̀, mi ò ní fún wọn lóúnjẹ mọ́. Èyí tí wọ́n ti kó pamọ́ sínú ara ni wọ́n á máa jẹ, títí wọ́n á fi tún di aláwọ̀ ewé.”

“Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ nìkan kò tó.”

“Kò tó. Nǹkan gbọ́dọ̀ ti wà nínú ara tẹ́lẹ̀. Bíi tèmi tìrẹ, Àríkẹ́.”

Oríkì rẹ̀ nìyẹn, kò sì mọ ẹni tó sọ ọ́ fún un. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń ha àgbọn dúró. Ó ti fẹ́ràn ọkùnrin náà kọjá ohun tó ṣeé fi pamọ́.

Àṣé bàbá rẹ̀, Gbàdàmọ́sí, ti fọkàn sí ẹlòmíràn. Àlàní tó ní ọkọ̀ akẹ́rù fẹ́ fi Fàúsátù ṣe aya, àwọn ìyá Àlàní sì yọ sí wọn lójijì ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Wọ́n tọrọ omi. Ìkòkò tó wà nítòsí ni wọ́n yọjú wò, èyí tí Fàúsátù ṣí sílẹ̀ fún oòrùn nítorí iṣẹ́ Sàlàkọ́. Wọn kò mu omi, wọn kò sì jókòó.

Fàúsátù ì bá sọ pé òun gbàgbé ni. Òótọ́ ló sọ fún bàbá rẹ̀, pé nítorí Sàlàkọ́ ni òun ṣe ṣí i sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ bá ní kí Sàlàkọ́ má tẹsẹ̀ bọ ilé òun mọ́, ó sì kìlọ̀ pé Fàúsátù kò gbọdọ̀ jáde mọ́ títí òun yóò fi tún ọ̀rọ̀ Àlàní ṣe.

Oúnjẹ kò wọ́n ọn nínú ilé. Ẹ̀kọ ń bọ̀, ẹja ń bọ̀, ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàgbé. Fàúsátù ń jẹun, kò gbàgbé. Sàlàkọ́ kò ránṣẹ́, nítorí kò fẹ́ gba ẹ̀yìn bàbá ọmọ wọlé, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọmọbìnrin náà lọ́kàn jẹ́ tán. Ohun tí ọkùnrin náà ti bá a sọ lábẹ́ igi àgbọn ló ń rántí, tó sì fi ń mí.

Nígbà tí òjò dá, Sàlàkọ́ dé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọláyíwọlá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun mọ ohun tí ìkòkò jẹ́ fún ọmọbìnrin ní agbo ilé yìí, iṣẹ́ ló bo òun lójú, ìtìjú náà sì yẹ kó jẹ́ ti òun. Ó wá gbé ìgò kan sílẹ̀ lójú oòrùn.

“Omi ògì lo gbé wá bẹ̀ mí?” ni Bàbá Fàúsátù bèèrè, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìgò náà rí.

Sàlàkọ́ ní ohun tó ba ìkòkò jẹ́ nìyẹn, inú àpótí dúdú ni òun ti gbé e jáde, kí wọ́n kàn jẹ́ kó wà níbẹ̀, òun yóò padà wá.

Bàbá ní òun kò ní í wò ó. Ṣùgbọ́n bó bá ti kírun tán, á gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ kejì, Fàúsátù gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń pe òun láti àgbàlá.

“Jáde wá,” ni bàbá náà wí. “Wá bá mi wò ó, bóyá ojú mi ni.”

Kì í ṣe ojú rẹ̀. Ìgò náà ti ń mú àwọ̀ ewé bọ̀.

Nígbà tí Sàlàkọ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà dé, Bàbá bèèrè ẹni tó bọ́ ohun inú ìgò yìí. Sàlàkọ́ ní kò sẹ́ni tó bọ́ ọ, oúnjẹ inú ara rẹ̀ ló jẹ.

“Bí ìmọ́lẹ̀ bá pẹ́ kó tó dé ńkọ́?”

“Ti inú ara á tán, Bàbá. Wọ́n á kú.”

Ọláyíwọlá fi ìgúnpá kàn án, nítorí kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nílé àna nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Sìkírátù, àkọ́bí rẹ̀, ni Bàbá wá sọ. Kánò ni ọkọ mú un lọ, ojú àwọn òbí rẹ̀ kò sì tíì kàn án láti ìgbà náà. Ohun tí ìyá rẹ̀ rántí nípa rẹ̀ ló fi ń gbé ayé.

“Ó ti ń tán lára ìyá rẹ̀,” ni Bàbá wí. “Mò ń rí i. Àlàní kò ní í kúrò ní Òjó, ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Ìwọ ńkọ́, bí ìjọba bá gbé ọ lọ sọ́nà jíjìn?”

Ó rọrùn láti sọ pé ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀. Sàlàkọ́ kò purọ́. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Wọ́n lè gbé mi lọ, Bàbá. Ṣùgbọ́n a ó máa wálé kí tiyín tó tán.”

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní kí òun náà sọ tẹnu rẹ̀.

Fàúsátù kúnlẹ̀. “Òun ni mo fẹ́, Bàbá mi,” ló wí. “Ẹ̀yin náà ni mo sì fẹ́.”

Omi lé ròrò sójú bàbá náà, kò sì fi pamọ́. Ó fọwọ́ gbá ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Fàúsátù kúnlẹ̀ sí.

“Dìde nílẹ̀, Sàlàkọ́,” ló wí. “Jókòó ti ìyàwó rẹ.”