Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n

Lórí afárá ni Polona ti kọ́kọ́ rí i, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo òrùlé ìlú Idrija bí ìyẹ̀fun. Ọkùnrin gíga kan dúró síbẹ̀, kóòtù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ń gbìyànjú láti de bọ́tìnnì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé tí afẹ́fẹ́ ń lù. Bọ́tìnnì á fẹ́ wọlé, á tún yọ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń wojú odò. Nílùú tí wọ́n ti ń wa fàdákà olómi, tí májèlé rẹ̀ ń wọni lára, lábẹ́ ilẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó ń mú ọwọ́ awakùsà gbọ̀n.

Ó ti rẹ Polona kí ilẹ̀ tó mọ́. Apẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ léèsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀: ìrọ̀rí roboto tó le bí òkúta, píìnì tó gún un káàkiri, àti àwọn igi kéékèèké tí òwú wé mọ́, tí wọ́n ń kan ara wọn bó ṣe ń rìn. Kò ní in lọ́kàn láti dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀, ó sún mọ́ ọkùnrin yìí, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọ.

"Ẹ ò tiẹ̀ béèrè orúkọ mi," ni ọkùnrin náà wí, "ẹ ti ń wọṣọ fún mi."

"Bí mo bá dúró béèrè orúkọ, òtútù á ti ṣe yín léṣe."

"Lovrenc ni mò ń jẹ́."

"Ó dáa, Lovrenc. Ẹ máa lọ sílé."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ọkùnrin náà ṣì dúró síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà kóòtù rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ.

Polona ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ lórí àga ni Marjeta ìyá rẹ̀ ti fi iṣẹ́ léèsì lé e lọ́wọ́: òwú kan á gorí èkejì, wọ́n á yí pọ̀, píìnì á dì wọ́n mú. Iṣẹ́ yìí kan náà ló ba ojú Marjeta jẹ́. Fìrífìrí ló kù tó ń rí, nítorí náà ọwọ́ ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. Àwọn ọkùnrin tó fẹ́ fi Polona ṣaya nígbà kan ti dúró títí, wọ́n sì ti gbé ẹlòmíràn níyàwó. Kò bínú sí wọn. Ìbínú pàápàá ń fẹ́ agbára.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Lovrenc dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ náà, ó di ẹni tí ń bá a gbé apẹ̀rẹ̀. Bó bá ti gbà á, gbogbo igi inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Rọra o," Polona á ní. "Wàá ta kókó sí iṣẹ́ mi."

"Mò ń bá ọ ṣe é lọ ni. Ṣebí ọwọ́ tó ń sáré lo fẹ́?"

Polona á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀ ni Lovrenc sọ tirẹ̀ fún un: pé láti kékeré lòun ti ń wọ inú ihò ìwakùsà, àti pé dókítà ti kìlọ̀ pé bí òun kò bá jáde, eyín òun ni yóò kàn, lẹ́yìn náà ọpọlọ. Polona náà sọ nípa ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó lè sọ pé kí Lovrenc wá kí ìyá òun.

Lọ́jọ́ tí Lovrenc wá, Polona se žlikrofi, oúnjẹ ìlú wọn: ó po ìyẹ̀fun, ó fi ọ̀dùnkún àti àlùbọ́sà dí i nínú bó ṣe yẹ kí a ṣe fún àlejò. Marjeta fi ọ̀yàyà gbà á. Ó béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, ó ní ohùn rẹ̀ dùn. Wọ́n wá jókòó láti jẹun.

Fọ́ọ̀kì Lovrenc ń kan etí àwo. Kò dúró. Ó ń kàn án wéréwéré, bí òjò lára fèrèsé. Marjeta gbé síbí tirẹ̀ kalẹ̀.

"Awakùsà ni yín," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìró yẹn ni mo fi jẹun nínú ilé yìí títí mo fi sin ọkọ mi. Gbogbo Àjíǹde ló ń sọ pé òun á fi ihò náà sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun yín tán. Ẹ má sì padà wá mọ́."

Lovrenc jẹun tán. Ó dúpẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ fún Polona pé òun ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, pé òun ń lọ sínú igbó lókè odò, lọ́dọ̀ àwọn agégi, bóyá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á wo òun sàn. Kò ní kó dúró de òun. Ó wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì lọ.

Yìnyín yọ́, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Nígbà mìíràn, àwọn tó ń da gẹdú sódò á sọ̀kalẹ̀ wá, wọ́n á ní Lovrenc ní kí àwọn kí i. Ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n mú oyin wá. Polona kò ní nǹkan tí yóò fi ránṣẹ́ padà. Aṣọ pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì kan tó fẹ̀ ló wà lórí ìrọ̀rí rẹ̀, àárẹ̀ rẹ̀ sì ti kúrò ní èyí tí oorun ń wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orí rẹ̀ ṣubú lu iṣẹ́ náà, píìnì sì gún un lẹ́rẹ̀kẹ́. Marjeta gbọ́ ọ, ó táràrà wá, ó fọwọ́ kan ojú ọmọ rẹ̀, ó sì bá ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀.

"Nítorí ọkùnrin yẹn ni," ni ìyá wí. "Ṣé o fẹ́ sin ín bí mo ṣe sin bàbá ẹ ni?"

"Màmá, kò sẹ́ni tí wọn ò ní í sin. Mi ò wá ọkọ tí kò ní í kú. Ẹni tí mo lè sọ fún pé ó rẹ̀ mí ni mò ń wá."

"O ò lè sọ fún èmi?"

"Bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó sọ pé ojú yín ló fà á, ẹ ó sì máa sunkún."

Marjeta sunkún náà. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọmọ rẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn mọ̀ pé mi ò ríran," ló wí. "Ó lè ní òun ti yó, kó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, kí n má sì mọ nǹkan kan. Abẹ́ tábìlì ni bàbá ẹ ń fi ọwọ́ tirẹ̀ pamọ́ sí, títí kò fi lè gbé ife mọ́. Èyí ò fi tiẹ̀ pamọ́ fún mi." Ó nu ojú rẹ̀. "Lọ pè é."

Polona fi ẹsẹ̀ rìn gòkè odò. Ó bá Lovrenc níbi tó ti ń bó èèpo igi gẹdú. Ara rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti rọlẹ̀ ju ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dákẹ́.

"Ṣé o ṣì fẹ́ mi?" ni Polona bi í.

"Ọwọ́ yìí lè má dúró láé o, Polona."

"Tèmi dúró tó fún àwa méjèèjì. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Òkè yín yìí ga jù."

Lovrenc ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó jókòó tì í lórí ìtì igi títí oòrùn fi bọ́ sẹ́yìn òkè.

Àwọn agégi fún Lovrenc níṣẹ́ létí ìlú, níbi tí gẹdú ti ń gúnlẹ̀, kí ó lè máa sùn sílé. Lówùúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kan ni àlùfáà so wọ́n pọ̀, lójú Marjeta àti agégi méjì. Wọ́n jẹun díẹ̀, agégi méjèèjì padà síbi iṣẹ́. Ìyàwó padà sídìí aṣọ pẹpẹ, nítorí ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì máa gbà á ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lovrenc jókòó tì í, ó ń wò ó. Kò pẹ́ tí oorun gbé e lọ, ọwọ́ rẹ̀ sinmi lórí tábìlì, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lójú oorun.

Polona wò ó. Ó wo òwú tó kù. Ó wá mú aṣọ funfun, ó fi bo ìrọ̀rí náà, ó sì gbé orí lé apá ọkọ rẹ̀.

"Kí ló dé tí o dákẹ́?" ni Marjeta béèrè láti yàrá.

"Ó rẹ̀ mí, Màmá."

Marjeta táràrà wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Sùn," ló wí. "Sùn, ọmọ mi."