Ààlè Ara Dọ́ọ̀mù Ìdọ̀tí

Àwọn ìgò tó wà nínú àpò obìnrin náà kì í dún. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn. Láràárọ̀, bí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Agbára bá ti kọjá, á yọ sí àdúgbò wa ní Sàngó-Ọ̀tà, á máa ṣa ike, agolo àti ìgò nínú dọ́ọ̀mù ìdọ̀tí tó wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Àpò á kún, á gbé e pọ̀n, á máa lọ. Kò ní dún rárá.

"Ẹ máa wò ó níran o!" ni Susanna, ayálégbé wa, wí. "Ìgò tẹ́ ẹ ti fẹnu kàn ló ń kó lọ yẹn. Tó bá fi ṣe yín tán, ẹ ó mọ̀ bóyá aláìní ni."

Bàbá mi gbà á gbọ́. Màámi ò gbà. "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá Àlàrí. Ohun tá a ti jù nù, kí la tún fẹ́ fi ṣe?" Ara màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ yá ni. Ikọ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀, obìnrin yẹn ló sì ṣa àwọn ìgò oògùn rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi so ààlè mọ́ dọ́ọ̀mù wa: ṣùkù àgbàdo, awẹ́ sálúbàtà àti àkísà pupa, bí wọ́n ṣe máa ń so ó lóko baba rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Ó rọra ń sọ ọ́ sí i pé, "Tèmi ni. Kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi."

Obìnrin náà dé, ó wo ààlè, ó wò mí. "Wọ́n ní tiwọn ni, àbúrò. Ó dáa."

Lọ́jọ́ kejì, òórùn oògùn ikọ́ gba yàrá màámi. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ìgò yẹn ti wà níbẹ̀, ìrì ṣì wà lára wọn. Bàbá mi kó wọn jù síta. Kó tó wọlé, wọ́n ti padà. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú áńkáṣíìfù rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní tiyín ni," màámi sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún bàbá mi. "Ẹ lọ tú u."

Bàbá mi lọ tú u. Kò lè wojú mi nígbà tó ní kí n lọ wá obìnrin náà. Ojú máa ń tì mí láti kí àlejò, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ fún un lábẹ́ bíríìjì Sàngó níwájú gbogbo èèyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ wá bá wa kó o."

Ó tẹ̀ lé mi. Ó ṣa àwọn ìgò náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ki ìgò tó kẹ́yìn bọ inú àpò, màámi mí kanlẹ̀, ó sì sùn lọ.

Mo sìn ín dé géètì. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ikọ́ màámi nínú àpò tó gbé pọ̀n, ikọ́ gbígbẹ yẹn gan-an, pẹ̀lú èémí hẹlẹhẹlẹ. Ẹnu obìnrin náà pa dé. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń gbá àpò náà pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ.

"Ẹ ṣe sùúrù," ó ń sọ fún un. "A ò ní pẹ́ délé."

Ikọ́ náà dákẹ́. Nísàlẹ̀ àpò, ohùn ọmọdé kan béèrè pé ilé ta ló kàn.