Ẹyẹlé Ìyá Ọdẹ́tọ́lá

Ìdájí ni wọ́n bá Ọdẹ́tọ́lá lójú fèrèsé, ó di irin rẹ̀ mú, ó ti kú. Ẹni tó jẹun alẹ́, tó bá ìyàwó ṣàwàdà! Ó pẹ́ tí èémí ti máa ń há a láyà, àmọ́ ní Ìgándò wa, ta ló ń kú lásán?

Òwìwí kan kúkú ti ké lórí igi máńgòrò lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ará àdúgbò ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Nígbà tí àyà Kẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀, náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi fèrè, Ọmọ́wùnmí, opó Ọdẹ́tọ́lá, gbaná jẹ, ó kojú ìyá ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé.

"Màámi, ẹ ti jẹ ọmọ tiyín. Ẹ fi tèmi sílẹ̀ jàre!"

"Ọmọ́wùnmí, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ?"

"Ẹ ṣáà máa lọ!"

Ìyá di ẹrù rẹ̀, ó forí lé ilé àbúrò rẹ̀ ní Ìjẹ̀gùn. Ó ṣeni láàánú. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n má pa àwọn ẹyẹlé òun tó ń gbé abẹ́ òrùlé, lókè fèrèsé yàrá. Wọ́n gbà. Àjẹ́ ni wọ́n ń lé, ta ní máa lé ẹyẹ oríire? Kẹ́mi ló wá ń fún wọn lágbàdo, tó ń gbá ìyẹ́ wọn, nítorí àárò ìyá àgbà ń sọ ọ́.

Àjẹ́ lọ, àìsàn ò lọ. Èémí ọmọ náà há ju ti tẹ́lẹ̀, títí wọ́n fi gbé e dé ọsibítù. Dókítà Akínlẹ́yẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

"Màdáámù, àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ bí ara bá ń bá ohun tí kò gbà jà. Ti ọmọ yín ti pọ̀ jù. Kí ló ń fà símú nílé? Ṣé ẹ ń sin ẹyẹ ni?"

Ọmọ́wùnmí gbá Kẹ́mi mọ́ra. "Ẹyẹlé ni, sà. Bàbá ẹ̀ náà, láti kékeré ló ti ń tọ́jú wọn."

"Eruku ìyẹ́ wọn ni ara ọmọ yìí ò gbà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun kan náà ló pa bàbá ẹ̀. Ẹ kó wọn kúrò nílé."

Lọ́jọ́ kejì, Ọmọ́wùnmí kúnlẹ̀ ní Ìjẹ̀gùn, ó ń sunkún.

"Màámi, ẹ dárí jì mí. Ẹ kì í ṣe àjẹ́. Ìyẹ́ ẹyẹlé ni, ẹ̀jẹ̀ Kẹ́mi ló tú u fó. Ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

Ìyá ò dìde. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò.

"Èmi ni mo kọ́ Ọdẹ́tọ́lá bí wọ́n ṣe ń fún ẹyẹlé lóúnjẹ. Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń pè mí lájẹ̀ẹ́, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì ń rí oorun sùn. Ọmọ́wùnmí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sùn báyìí?"