Epo Lójú Bíréèkì

Ọjọ́ tí télọ̀ kọ́kọ́ rí Káfíńtà, ṣòkòtò ọkùnrin náà ló ya nídìí. Ó fi pátákó bo ẹ̀yìn wọ ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí." Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Kí oṣù méjì tó pé, ọ̀rọ̀ ti di "olólùfẹ́ mi".

Àmọ́ ìyá Káfíńtà ò fẹ́ ẹ, kò sì fi bò. "Ọmọ tí ò mọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ! Kí ló fẹ́ wúlò fún nílé ọmọ mi?" Ọ̀rọ̀ yẹn dun télọ̀ wọra.

Káfíńtà kì í gbé alùpùpù ẹ̀ fún mẹkáníìkì. Ẹ̀yìnkùlé ló ti máa ń tú bíréèkì fúnra ẹ̀, á gbọn eruku ẹ̀, á fi sáńpépà ha ojú ẹ̀. Ó bẹ ìyá ẹ̀ títí tó fi gbà láti lọ kí àwọn òbí télọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ gbé e lọ, bíréèkì ń han. Ó tú méjèèjì, ó ha wọ́n, ó sáré lọ wẹ̀.

Télọ̀, tó ti wá bá a nílé, jókòó ti àwọn bíréèkì náà. Tí ẹ̀rọ ìránṣọ tiẹ̀ bá ń han, ṣebí epo ló máa ń kán sí i? Ló bá yọ epo nínú báàgì, ó kán an sí méjèèjì dáadáa. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ìyá ọkọ ló ti fẹ́ fọ́nnu.

Káfíńtà ń kánjú, kò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì tó fi dè wọ́n padà. Nígbà tí epo fi ràn ká ojú bíréèkì, ìyá ti wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, kò mú. Háà! Ìyá kú lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Káfíńtà jókòó, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀.

"Mẹkáníìkì tó yẹ alùpùpù wò ní epo ló wà lójú bíréèkì. Ọwọ́ mi ló kó o débẹ̀. Èmi ni mo pa ìyá mi." Ó gbọn orí. "Mi ò lè fẹ́ ẹ mọ́, olólùfẹ́ mi. Tí mo bá tún fi ọwọ́ yìí pa ìwọ náà ńkọ́?"

Télọ̀ rántí epo tó kán sí i. Gbólóhùn kan péré ló máa sọ, ọkàn ọkùnrin yìí á fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ojú wo ló máa fi wo òun lẹ́yìn ẹ̀? Ẹ̀rù bà á, ìfẹ́ náà sì ń pa á.

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Mo ti dárí jì ẹ́," ó ní.

Káfíńtà dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́.