Ẹni Tó Jókòó Sórí Kúbùsù Oníkúbùsù

Inú ọkọ̀ táńkà omi ni Leona wà nígbà tí Emmett kọ́kọ́ rí i. Ọ̀sán Sátidé ni, nínú oṣù Karùn-ún. Táńkà náà rọra ń yí pápá eré ìje ọkọ̀ tí Orville Kubal, bàbá Leona, ni ín ká, ó ń wọ́n omi sórí amọ̀ kí eruku má baà bo àwọn awakọ̀ tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Apá ọmọbìnrin náà kan wà lójú fèrèsé, amọ̀ ti ta sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, oòrùn sì ń tàn yanran lára irun rẹ̀. Emmett ń wò ó bí ẹni tí oorun fẹ́ gbé lọ, títí táńkà fi dúró níwájú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dìde níbẹ̀."

Emmett wo ẹ̀yìn. Ìjókòó onípákó náà lè gba ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, àwọn tó wà níbẹ̀ kò ju ọgọ́rin lọ. "Ṣé èmi?"

"Kúbùsù àwọn Hruska lẹ jókòó lé."

"Ṣé wọ́n ń bọ̀ ni?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti wá kẹ́yìn."

"Kí ló wá dé tí mo fi máa dìde?"

"Torí pé kì í ṣe kúbùsù yín."

Ó dìde. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bó bá ní kóun gun òrùlé, òun ì bá gùn ún.

Bí a ṣe ń ṣe ní ìlú wa, Orin Creek, nìyẹn. Láti àárọ̀ Sátidé ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ń tẹ́ kúbùsù sí àyè rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ti ẹlòmíì. Tí eré ọjọ́ náà bá parí, a ó kó wọn sí ṣẹ́ẹ̀dì, ilé ìkẹ́rùsí pápá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kúbùsù fi ń padà dé ẹnu ọ̀nà olówó rẹ̀: kí àyè rẹ̀ ti parí pátápátá, bóyá olówó rẹ̀ fi í sílẹ̀ tàbí pápá fúnra rẹ̀ kú. Emmett kò mọ èyí. Ìlú Omaha ló ti wá gba lọ́ńdìrì, ilé ìfọṣọ àǹtí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ronú láti sọ fún un.

Ìjókòó ti ṣófo nígbà yẹn. Àwọn kan ti kó lọ sílùú ńlá, orúnkún ń dun àwọn kan, àwọn ọmọ sì ń wo eré lórí fóònù. Ẹ má bi mí ìgbà mélòó lèmi náà lọ lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, Leona á tẹ́ kúbùsù mọ́kànlélọ́gbọ̀n àwọn tí kò wá mọ́. Èyí tó kọ́kọ́ máa ń tẹ́ ni kúbùsù aláwọ̀ ewé ti ìyá rẹ̀ Vlasta, lókè pátápátá. Láti ìgbà tí ìyá náà ti kú, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀, bàbá rẹ̀ pàápàá kò jókòó síbẹ̀.

Emmett ń wá ní gbogbo Sátidé. Ó ń ra gúgúrú fún Leona, Leona sì ń kọ́ ọ bí a ṣe ń fi etí mọ ẹ́ńjìnnì tó máa borí.

"Ará Omaha, di ojú rẹ. Èwo ló wà níwájú?"

"Èyí tó ń pariwo jù."

"Ìyẹn ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́. O ò mọ nǹkan kan."

"Mo mọ ẹni tí mo fẹ́ràn, onítáńkà mi."

Eré kan parí níwájú wọn, wọn kò mọ ẹni tó gbà á. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀ sínú oko àgbàdo, òórùn amọ̀ tútù gba gbogbo afẹ́fẹ́, ọwọ́ Leona sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú oṣù Keje, Emmett ní kó fẹ́ òun. Leona wo ìjókòó tó ṣófo.

"Dádì ti sọ̀rọ̀. Bí ìjókòó bá ṣì ṣófo báyìí ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ó máa ta ilẹ̀ yìí fún Stoddard tó ni oko àgbàdo yẹn, ìyẹn á sì gbin àgbàdo síbí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, o mọ̀. Ṣùgbọ́n bí pápá yìí bá kú, Dádì á bá a lọ. Mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí n máa rẹ́rìn-ín nílé ọkọ."

Emmett ronú títí. Ó ti kíyè sí i pé àwọn kúbùsù náà ń rùn, eku sì ti jẹ etí àwọn kan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ṣáájú Sátidé tó kẹ́yìn, nígbà tí Leona bá bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ó kó gbogbo wọn lọ sí lọ́ńdìrì rẹ̀. Ó fọ̀ wọ́n, ó rán etí wọn, ó ká wọn dáadáa. Orúkọ ìdílé wà létí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé wọn lọ láti ilé dé ilé, ó gbé ti àwọn tó ti kó lọ fún ẹbí wọn, inú rẹ̀ ń dùn.

Ní Ọjọ́rú, fóònù Orville Kubal kò sinmi.

"Wọ́n ń kí mi kú ará fẹ́ra kù," bàbá náà sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ta ló kú?"

Leona sáré lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó bá Emmett ní lọ́ńdìrì.

"O ti lọ sọ fún gbogbo ìlú pé a ti kú."

"Mo fẹ́ kí wọ́n rántí ni."

"Wọ́n ti rántí. Má wá ní Sátidé, jọ̀ọ́." Emmett fẹ́ nawọ́ sí i, ṣùgbọ́n Leona ti lọ.

Ní Sátidé, Leona ń wọ́n omi sórí amọ̀, pákó ìjókòó sì wà ní gbalasa lójú rẹ̀. Ó ń sunkún, kò sì nu ojú. Nígbà náà ni ọkọ̀ kan yà wọlé láti ojú títì. Òmíràn tẹ̀ lé e. Màmá Hruska, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó há kúbùsù sábẹ́ apá.

"Orville, ta ló sọ fún ọ pé mo ti fi àyè mi sílẹ̀?"

"Èmi kọ́ ni mo dá kúbùsù yín padà, mà."

"Àyè mi ni mo wá gbà. Kò sí ẹni tó lè lé mi kúrò."

Bí gbogbo wọn ṣe ń bọ̀ nìyẹn, wọ́n ń bínú, kúbùsù tó mọ́ tónítóní wà lọ́wọ́ wọn, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń tẹ̀ lé wọn. Èmi náà wà níbẹ̀, mo bínú ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, kò sí pákó tó ṣófo mọ́, àfi lókè pátápátá. Orville di gbohùngbohùn mú, ó ń wò wọ́n.

Leona rí Emmett lẹ́yìn ọgbà. Ó dá táńkà dúró.

"Mo ní kó o má wá."

"Mi ò wọlé. Mo mú èyí wá ni." Ó na kúbùsù aláwọ̀ ewé sí i láti orí ọgbà. "Orúkọ ìyá rẹ ló wà létí ẹ̀. Mi ò mọ ẹnu ọ̀nà tí mo máa gbé e lọ."

Leona gbé kúbùsù náà sójú. Ó ń ta sánsán bí ọṣẹ àti oòrùn.

"Wọlé," ó ní.

"Níbo ni kí n jókòó sí? Gbogbo àyè ló ti ní ẹni tó ni ín."

Ó fà á lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn lọ sókè pátápátá, lójú gbogbo wa. Ó tẹ́ kúbùsù ìyá rẹ̀, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Jókòó, ará Omaha. Ẹni tó bá jókòó síbí kì í dìde mọ́. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́," Emmett sọ, ó sì jókòó.

Àwọn ẹ́ńjìnnì ti ń dún nísàlẹ̀. Orville yíjú sókè, ó wo kúbùsù ìyàwó rẹ̀ pẹ́, kó tó sọ̀rọ̀ sínú gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin ará mi, ẹ káàbọ̀. A ó pàdé níbí lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ wà lókè yẹn, ẹ sún díẹ̀. Mò ń bọ̀ wá jókòó."